Ọmọ Ajílété jẹ ìrẹsì, ojú ẹ̀ rí màbo: ṣọ́ọ̀bù olóúnjẹ kan l'Ógbómọ̀ṣọ́ tí mo fún ní ìràwọ̀ mẹ́ta

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ má baà máa yọ mí lẹ́nu: mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù yìí o, ẹ má wulẹ̀ wá bi mí ní ìnbọ́ọ̀sì. Ìdí kan ni pé màmá tó ni ín ò ṣe mí níkà, ẹ ó rí i tẹ́ ẹ bá kà á débẹ̀. Ìdí kejì ni pé iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe, mo sì mọ̀ pé tí wọn ò bá gbé oúnjẹ tó ṣẹ́kù lọ yẹ̀ wò, ẹnu lásán lèèyàn ń fi sọ pé oúnjẹ lágbájá ló dá òun lóró. Oúnjẹ yẹn sì ti tán kí n tó mọ̀ pé màá nílò ẹ̀. Apá kan ẹ̀ wà ní tọ́ílẹ̀ẹ̀tì mi, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ lọ bù ú.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yìn wọ́n ná torí òótọ́ lòótọ́ ń jẹ́. Àmàlà wọn dáa gan-an. Kò ní kókó, kò le, kò dẹ̀ jù, èlùbọ́ gidi ni wọ́n fi ń rò ó, ṣe ló ń yọ̀ lọ lọ́nà ọ̀fun bí ẹni pé ẹnì kan ń tì í látẹ̀yìn. Gbẹ̀gìrì wọn kúnná, ewédú wọn ń fà, ata wọn kì í gbóná débi téèyàn ò ní mọ adùn ọbẹ̀ mọ́. Béèyàn bá mú ₦2,500 lọ́wọ́ á jẹ ọkà, á jẹ ṣàkì, á jẹ pọ̀nmọ́, á sì ra omi kún un. Tó o bá ní kí wọ́n bomi ọbẹ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n á bù ú láìfojú burúkú wò ẹ́, èyí tó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ àwọn olóúnjẹ ìlú yìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀ ọ́ bó ṣe rí. Ilẹ̀ táìsì, fáànù mẹ́rin, tábìlì tí kì í lẹ̀ mọ́ èèyàn lápá, wọ́n tiẹ̀ ní ẹ̀rọ omi àti ọṣẹ olómi téèyàn ó fi fọwọ́. Eṣinṣin gan-an, bóyá lo máa rí ju ẹyọ kan lọ. Kó tó di oṣù tó kọjá, ẹni tó bá bi mí pé níbo lòun ti lè jẹun nígboro kọ́kàn òun balẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa ń júwe fún un.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kì wá: Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan. Ó dáa. Èmi ọmọ Ajílété, mo dúró níwájú àmàlà tó ń gbóná fẹlifẹli, èéfín ń jáde lórí ẹ̀, mo ní kí wọ́n bu fúráìdì ráìsì fún mi. Àwọn bàbá mi á ti máa rẹ́rìn-ín lọ́run.

Bó ṣe lọ nìyí. Ọjọ́ Sátidé ni, a ń bọ̀ láti ibi ìsọmọlórúkọ kan tó jẹ́ pé mínírà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi lé wa lọ (ìyẹn á ní ọjọ́ tiẹ̀, mi ò tíì gbàgbé), èmi, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe mẹkáníìkì, ìyàwó ẹ̀, àti ọmọ wọn ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Aago kan ọ̀sán ti lù nígbà tá a débẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ọkà lòun ó jẹ, ó gba abùlà pẹ̀lú ṣàkì. Èmi àti ìyàwó ẹ̀ gba ìrẹsì. Inú kúlà aláwọ̀ búlúù ńlá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kántà ni wọ́n ti ń bù ú, kúlà tó tóbi tó nǹkan tọ́mọdé lè sùn sí. Mo gba adìyẹ, mo gba sàláàdì. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ò gba sàláàdì, ó ní kì í bá òun lára mu, ẹja ló mú. Ọmọ yẹn ní ebi ò pa òun, àmọ́ bí adìyẹ mi ṣe dé báyìí ló na ọwọ́, ó gba itan ńlá yẹn lọ́wọ́ mi, ó jẹ ẹ́ tán tòun teegun. Gbogbo wa la mu píọ́ wọ́tà látinú àpò kan náà. Ẹ fi gbogbo èyí sọ́kàn o, mò ń padà bọ̀ sórí ẹ̀.

Ìrẹsì yẹn dùn, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀dọ̀ wà nínú ẹ̀, kárọ́ọ̀tì wà níbẹ̀, ó ń ta sánsán. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Kò gbóná. Mo fọwọ́ kan abọ́ yẹn mo mọ̀ pé kò gbóná, èmi tí mo máa ń bá ìyàwó mi jà nílé lórí oúnjẹ tí ò bá gbóná, mo sì jẹ ẹ́ torí ebi ń pa mí àti torí pé ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́.

Aago mẹ́rin ò tíì lù tán tí itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kún mi lẹ́nu. Ẹ mọ itọ́ yẹn, èyí tó máa ń ṣáájú èébì bí afunfèrè ṣe ń ṣáájú ọba. Mo ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Mo dìde, mo jókòó, mo la ẹnu sí fáànù, mo ní kí wọ́n bá mi wá ọsàn wẹ́wẹ́. Ká tó wí ká tó fọ̀ mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú tọ́ílẹ̀ẹ̀tì, mo di etí ẹ̀ mú bí ẹni tó ń wa mọ́tò. Mo bì, mo sinmi, mo tún bì, títí tí ìrẹsì fi tán nínú ẹ̀ tó wá ku òróòro kíkorò nìkan. Ìgbẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́nu, ibà ò sí, inú kàn ń lọ́ mi bí aṣọ tí wọ́n ń fún lódò. Níbi tí mo ti ń ṣe èyí lọ́wọ́ ni fóònù dún, ọ̀rẹ́ mi ni, ó ní ìyàwó òun ń bì o, ó ní ṣé ara tèmi dá. Mo fẹ́ dá a lóhùn ni nǹkan mìíràn bá gba ẹnu mi jáde. Ó ní, “Háà, ó ti yé mi.”

Títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ni, lẹ́yìn náà ló rọlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àfi bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ó kàn rẹ̀ mí bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù lóòjọ́ ìjẹta.

Nígbà tára mi wá balẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó bá a ṣe máa ń ro ó níbi iṣẹ́. Àwa mẹ́rin la jọ jókòó, àwa méjì la bì. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ ọkà, ó sùn hunrunhunrun títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọ jẹ adìyẹ, kò ṣe é ní nǹkan kan, adìyẹ bọ́ síta nìyẹn. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ò jẹ sàláàdì ó sì bì, sàláàdì bọ́ síta. Ẹja, òun nìkan ló jẹ ẹ́, èmi ò fẹnu kàn án. Omi, gbogbo wa la mu ún. Mínírà ibi ìsọmọlórúkọ, gbogbo wa náà ni. Ohun kan ṣoṣo tó pa èmi àti obìnrin yẹn pọ̀ tí ò kan àwọn tó kù ni ìrẹsì inú kúlà búlúù yẹn. Mo mọ̀ pé èèyàn mẹ́rin kéré láti fi dájọ́, tó bá jẹ́ ní iṣẹ́ ọ̀gá mi á ní kí n lọ wá ogún èèyàn sí i, àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus. Inú iyẹ̀pẹ̀ ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti máa ń bá ìrẹsì dé ilé. Ọgbọ́n tó ní ni pé tí nǹkan bá le mọ́ ọn, á ká ara ẹ̀ jọ bí ìgbín, á di èso kékeré kan tó le koránkorán, á sùn síbẹ̀. Ẹ se ìrẹsì yẹn kó hó bó ṣe fẹ́ hó, kòkòrò mìíràn á kú, èso yìí ò ní kú. Tí wọ́n bá wá sọ ìrẹsì kalẹ̀ tí wọ́n rọ́ ọ sínú kúlà, tí kò gbóná mọ́ tí kò sì tíì tutù, èso yẹn á jí. Á hù, á máa bí sí i, á sì máa tu májèlé sínú ìrẹsì. Tí wọ́n bá dà á sórí iná padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á pa kòkòrò yẹn lóòótọ́, májèlé ni ò ní gbọ́ iná. Wọ́n ti se májèlé yìí ní 121°C fún 90 ìṣẹ́jú tó ṣì ń jẹ́ májèlé, omi tó ń hó nínú ìkòkò yín sì rèé, kò kọjá 100°C. Láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà téèyàn bá jẹ ẹ́ ló máa ń bì. Tiwa jẹ́ bíi mẹ́ta. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé ìrẹsì ń ṣe báyìí, láti nǹkan bí 1971 síwájú, níbi tí àwọn tó lọ jẹ fúráìdì ráìsì nílé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ti ń bì. Àwọn alásè yẹn á se ìrẹsì funfun lálẹ́, wọn ò ní gbé e sí fíríìjì torí tó bá tutù á máa lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á fi sílẹ̀ níta mọ́jú, wọ́n á wá dín in lọ́jọ́ kejì fún oníbàárà. Nígbà tí mo kà á nílé ìwé, mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni.

Ẹlòmíì tó gbọ́ iṣẹ́ á ní tó bá jẹ́ kòkòrò mìíràn tó ń jẹ́ Staphylococcus aureus ńkọ́? Mi ò bá a jiyàn. Òun náà máa ń tu májèlé tí iná ò ràn, òun náà kì í pẹ́ kó tó mú èèyàn bì, inú imú èèyàn àti ojú egbò ló sì máa ń wà, ọmọbìnrin tó bu ìrẹsì fún wa sì ní egbò kan lẹ́yìn ọwọ́ tó fi pílásítà lẹ̀ tí pílásítà ọ̀hún ti ń ṣí. Mo rí ìyẹn náà. Èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì, kúlà yẹn ló fún un ní àyè àtiṣe iṣẹ́.

Wàhálà tó wá bí mi nínú ju èébì lọ ni ti ọjọ́ Mọ́ńdè. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní táífọ́ọ̀dù ni. Aládùúgbò mi, táífọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, táífọ́ọ̀dù, ó ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́. Bọ̀dá kẹ́míìsì tó wà lójú títì wa ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán tó fi ti ń ka Flagyl àti tẹtra jáde lórí kántà. Ẹ dákun, ẹni tó jẹun laago kan tó bì laago mẹ́rin, báwo ni oúnjẹ yẹn ṣe fẹ́ fún un ní táífọ́ọ̀dù? Táífọ́ọ̀dù máa ń lo ọjọ́ 6 sí 30 lára kó tó yọjú, ibà tó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ló sì máa ń gbé wá. Àmọ́ wọ́n á ní kó o lọ ṣe Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá táífọ́ọ̀dù, wọ́n á kọ èsì bíi 1/80 tàbí 1/160 sórí pépà, o di oníbà jẹ̀funjẹ̀fun nìyẹn. Láti 1896 ni Widal yìí ti wà, ní irú ìlú tiwa tí kòkòrò yẹn ti pọ̀, ẹni tára ẹ̀ le kokooko tó ń fò sókè lè wá síbẹ̀ kó gba 1/80 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ la máa gbìn, a ó dúró de kòkòrò kó hù, ó máa ń gba ọjọ́ díẹ̀, owó ẹ̀ sì ju ti Widal lọ. Kí n má purọ́, Widal wà lára ohun tó ń mówó wọlé ní láàbù wa, tí ọ̀gá mi bá ka èyí mo ti tọrọ àforíjì.

Kì í ṣe pé mo ní kẹ́ ẹ fi táífọ́ọ̀dù ṣeré o. Òun gan-an lẹni tó bá ń dáná fún èrò yẹ kó bẹ̀rù. Obìnrin alásè kan wà ní New York tó ń jẹ́ Mary Mallon, ara ẹ̀ yá gágá, kò sí ohun tó ń ṣe é, àmọ́ kòkòrò yẹn ti fi inú ẹ̀ ṣelé, ilé olówó tó bá ti lọ dáná, àwọn ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1907 wọ́n mú un lọ sí erékùṣù kan, ní 1910 wọ́n fi í sílẹ̀ pé kó má ṣe dáná fún ẹnikẹ́ni mọ́, kò gbà pé òun ló ń kó àrùn ran àwọn èèyàn, ó yí orúkọ padà, ibi tí wọ́n ti rí i lẹ́ẹ̀kejì ní 1915 ni ilé ìdáná ọ́sípítù àwọn obìnrin. Wọ́n dá a padà sí erékùṣù yẹn, ibẹ̀ ló wà títí tó fi kú ní 1938. Mo máa ń ṣàánú obìnrin yẹn. Ẹni tára ẹ̀ yá, kẹ́ ẹ máa sọ fún un pé òun ló ń pa èèyàn, ẹ̀yin ńkọ́, ṣẹ́ ẹ máa gbà?

Flagyl tí bọ̀dá yẹn fẹ́ tà fún mi, mi ò rà á. Májèlé kì í ṣe ohun ẹlẹ́mìí, oògùn tó ń pa kòkòrò ò rí nǹkan kan pa níbẹ̀, á kàn kọ́ àwọn kòkòrò tó kù nínú mi bí wọ́n ṣe ń sá fún un lọ́jọ́ mìíràn ni. Omi ni mo nílò. ORS, èròjà iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, ni ìyàwó mi pò fún mi, mo ń mu ún ní kẹ́nu kẹ́nu, tí mo bá gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà màá bì í padà. Tí kò bá sí ORS nílé, píọ́ wọ́tà méjì tó jẹ́ 50cl máa jẹ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kí ṣíbí má ga lórí o, ẹ fi nǹkan gé e kó tẹ́. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù máa ń ṣe ọmọ kékeré ní jàǹbá, torí ẹ̀ ẹ má fojú díwọ̀n ọ́n. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tàbí ibà ń mú un gan-an, tàbí ẹnu gbẹ tí kò tọ̀ mọ́, tàbí ọmọdé ni, àgbàlagbà ni, aláboyún ni, ẹ gbé e lọ sí ọ́sípítù, ẹ fi ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Ti ìgbẹ́ tó bá ń dà ṣọ̀ọ̀rọ̀ bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì, onígbáméjì nìyẹn lè jẹ́, ìyẹn kì í dúró de ilẹ̀ mọ́, láàárín wákàtí mélòó kan ó lè pa ẹni tó lágbára. Ẹ rántí bó ṣe da Èkó rú lọ́dún 2024.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó mi ní ṣé mo fẹ́ lọ jà ni, mo ní rárá, mo fẹ́ lọ bèèrè ìbéèrè. Mo dúró kí èrò ọ̀sán dínkù, mo wá lọ bá màmá níbi tí wọ́n jókòó sí.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ìrẹsì ọjọ́ Sátidé yẹn, ìgbà wo lẹ sè é?”

Wọ́n wò mí. “Kí ló dé, ọmọ mi? Ṣé ó ṣe yín ní nǹkan ni?”

Mo sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo rò pé wọ́n á bínú, tàbí kí wọ́n ní àwọn ọ̀tá ló rán mi wá, torí ohun tí mo ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olóúnjẹ nìyẹn. Wọ́n ṣí gèlè, wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọ́n ní wọ́n gbé òde kan fún àwọn lálẹ́ ọjọ́ Fúráìdeè, ìrẹsì funfun ṣẹ́kù, ó pọ̀ gan-an, wọ́n dé e pa sínú kúlà torí iná ò sí, fíríìsà ò ṣiṣẹ́, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti di nǹkan olówó. Láàárọ̀ Sátidé ni wọ́n kó ẹ̀dọ̀ àti kárọ́ọ̀tì lé e lórí, wọ́n dín in. Wọ́n ní, “Mo tọ́ ọ wò o, ọmọ mi. Kò kan. Kò rùn. Tó bá jẹ́ gbẹ̀gìrì ni, èmi náà á ti dà á nù.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí n má lè bínú mọ́, torí òótọ́ pọ́ńbélé ni. Gbẹ̀gìrì kì í tan èèyàn. Tó bá kan, àwọn ará ilé kẹta á gbọ́, á yọ fóòmù lórí, á máa rùn, ajá gan-an ò ní fẹnu kàn án. Gbogbo ìyá olóúnjẹ tó dàgbà sídìí ìkòkò, imú àti ahọ́n ni wọ́n fi kọ́ wọn níṣẹ́, imú àti ahọ́n yẹn sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là ní ìlú yìí. Májèlé inú ìrẹsì ni kì í rùn, kò ní adùn, kò kan, kò fà. Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n sì tọ́ ọ wò dáadáa. Mo bi wọ́n pé ṣé inú àwọn náà ò rùn wọ́n, wọ́n ní àwọn ò jẹ ju ẹ̀kún ṣíbí kan lọ, òwò ni.

A wá jókòó sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé pé kúlà ò mọ ohun tí wọ́n ń gbé sínú ẹ̀: gbé ohun tó ń jó ọwọ́ sí i, á tọ́jú ẹ̀ fún ọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, gbé ohun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, ó ti kọ́lé fún kòkòrò nìyẹn, ilé tó ní ìtura. WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní kí oúnjẹ gbígbóná má wá sílẹ̀ ju 60°C lọ, kí ti inú fíríìjì má gòkè ju 5°C lọ, kí oúnjẹ tí wọ́n ti sè má sì lò ju wákàtí méjì lọ níta. Màmá ní àwọn ò ní nǹkan tí wọ́n fi ń wọn ooru. Mo ní tí ṣíbí tẹ́ ẹ kì bọ àárín ìrẹsì ò bá lè jó yín lẹ́nu, ẹ má tà á. Ìyẹn kì í ṣe sáyẹ́ǹsì gidi, àmọ́ ó yé wọn. Wọ́n ní ti òde tó bá ṣẹ́kù ńkọ́, owó ni wọ́n fi rà á, mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí tíréè fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kó tètè tutù, kí wọ́n gbé e sí fíríìjì lójú ẹsẹ̀, tíná ò bá sì sí kí wọ́n pín in fún àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kó tó tutù. Ojú wọn fi hàn pé ìyẹn ò dùn mọ́ wọn nínú. Ó yé mi. Àpò ìrẹsì kan lóde òní, ẹni tó rà á ló mọ̀.

Kẹ́ ẹ má rò pé mo fẹ́ sọ pé búkà tó bá ti ní táìsì ni ò dáa o. Màmá àgbà kan wà lọ́nà Ọjà Ìgbó tó ń ta ọkà lábẹ́ páànù tó ti dúdú bíi bàtà ọlọ́pàá, ilẹ̀ erùpẹ̀ ni, èéfín á mú ẹ lójú, ọdún méjìlá ni mo ti ń jẹun níbẹ̀, inú mi ò tíì run mí rí. Ìdí ẹ̀ ni pé ọbẹ̀ wọn kì í sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ṣe ló ń hó pọ̀gọ̀pọ̀gọ̀ látàárọ̀, aago méjì ọ̀sán wọ́n ti tà á tán wọ́n ti ń fọ ìkòkò. Kò ní kúlà. Kò ní ohun tí yóò fi kúlà ṣe. Àmọ́ omi ìfọwọ́ wọn, abọ́ kan náà ni èèyàn mẹ́fà á ti ọwọ́ bọ̀ kó tó di pé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, ìyẹn ń bí mi nínú, ara ibi tí kòkòrò inú ìgbẹ́ ti ń rìn láti ọwọ́ ẹnì kan dé ẹnu ẹlòmíràn nìyẹn. Mo máa ń gbé píọ́ wọ́tà tèmi jáde kí n fọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì ti fún mi lórúkọ níbẹ̀, “bọ̀dá òyìnbó”.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo tún yà sí ṣọ́ọ̀bù onítáìsì yẹn. Kúlà búlúù ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kántà mọ́. Ìkòkò ìrẹsì tí kò tóbi kan ló wà lórí sítóòfù, iná rẹ̀ kéré, wọ́n ní tó bá tán àwọn á tún sè. Ọmọbìnrin elégbò yẹn, abọ́ ló ń fọ̀ lẹ́yìn, ọwọ́ ẹ̀ wà nínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ilé ìtajà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn tó sì ṣe nǹkan sí i, mi ò rí i púpọ̀, nítorí ẹ̀ ni mi ò fi gé ìràwọ̀ wọn sí ẹyọ kan. Àmàlà àti ọbẹ̀, márùn-ún nínú márùn-ún. Owó, mẹ́rin. Ìmọ́tótó ojú, márùn-ún. Ìrẹsì, mi ò tíì tún jẹ ẹ́, mi ò lè fún un ní nǹkan kan. Ẹ pa gbogbo ẹ̀ pọ̀, mo fún wọn ní mẹ́ta, tó bá di ọdún tó ń bọ̀ tí kúlà yẹn ò padà wá, màá sọ ọ́ di mẹ́rin. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ní tòun ò kọjá òdo, òun ò sì ní gba ojú títì yẹn kọjá mọ́.

Màmá fúnra wọn ló wá gba ọ́dà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, ṣé n bu ìrẹsì? Ó ń gbóná o, ẹ wá fọwọ́ kàn án.”

Mo ní ẹ ṣé gan-an, mà. Ọkà mẹ́ta, kí gbẹ̀gìrì pọ̀ níbẹ̀.